Santa Clara: Àfonífojì Tí Àwọn Aṣe-Ṣíípù Ti Ń Figagbága

Àfonífojì Santa Clara wà ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Òkè Santa Cruz dí i ní ìwọ̀-oòrùn, òkè Diablo dí i ní ìlà-oòrùn, omi òkun sì ya wọ inú ilẹ̀ wá bá a láti ìhà àríwá. Kí àwọn ará Sípéènì tó dé, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Ohlone ni wọ́n ni ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1777 ni àwọn àlùfáà Sípéènì dá ilé ìjọ́sìn sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ìlú Santa Clara fi gba orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ yìí di oko eléso. Igi abricot àti igi prune bò ó lọ súà, bí wọ́n bá sì tanná nígbà ìrúwé, àfonífojì náà a funfun báláú. Àfonífojì Ìdùnnú Ọkàn ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Lónìí, Silicon Valley ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, nítorí silikónì tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà.

Ohun tí ó gbé wa débẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Kò sí ọ̀dọ́ kan ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ tí ó fẹ́ràn eré orí kọ̀ǹpútà tí kò mọ orúkọ Nvidia, AMD àti Intel. Wọ́n ń rí i lára ẹ̀rọ, wọ́n sì ń jiyàn lórí rẹ̀ bí ẹni ń jiyàn lórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Àwọn ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé, tí ń túmọ̀ èdè, tí ń dáhùn ìbéèrè, orí àwọn ṣíípù kan náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ni irinṣẹ́ ni yóò máa sọ iye tí a ó fi yá a, àti ẹni tí a ó yá a fún. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á lọ fi ojú ara wa wo ìlú tí ìdíje yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Kí á tó máa bá ìrìn wa lọ, ó yẹ kí á mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ṣíípù jẹ́ ègé silikónì pẹlẹbẹ tí kò ju èékánná tàbí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Àwọn tí ń sọ Faransé ń pè é ní puce, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe kòkòrò kékeré tí ń fò lára ajá. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ lónìí ní àmì ìmọ́lẹ̀ 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, ó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Bí àwòrán náà bá ń yí padà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó di pé kí ẹ̀rọ náà pinnu àwọ̀ fún àmì tí ó lé ní mílíọ̀nù 124 kí a tó ṣẹ́jú.

Ọpọlọ àgbà inú kọ̀ǹpútà kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ó dà bí àgbà ọlọ́gbọ́n tí ń yanjú ọ̀ràn líle lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ní ẹgbẹ̀rún ebè láti kọ kò níí ránṣẹ́ pe àgbà ọlọ́gbọ́n kan, ọ̀wẹ̀ ni yóò bẹ̀. Bí ẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ bá dé, tí oníkálukú kọ ebè kan, iṣẹ́ parí kí oòrùn tó mú. Ọ̀wẹ̀ ni ṣíípù tí ń ya àwòrán, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ mọ́ carte graphique. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, tí ìmọ̀ wọn kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìlú San José ni a kọ́kọ́ dé. Ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú náà, ní títì Berryessa, ilé oúnjẹ Denny's kan wà níbẹ̀, irú èyí tí ènìyàn ti lè jókòó pẹ́ lórí ife kọfí kan láìsí ẹni tí yóò lé e. Ibẹ̀ ni ọkùnrin mẹ́ta, Jensen Huang, Chris Malachowsky àti Curtis Priem, ti jíròrò kí wọ́n tó dá Nvidia sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1993. Taiwan ni a bí Huang sí ní ọdún 1963. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, abọ́ ni ó ń fọ̀ ní Denny's mìíràn ní ìlú Portland. Wọ́n ti fi àmì ìrántí sí ilé oúnjẹ San José náà báyìí. A jẹ ẹyin àti àkàrà òyìnbó níbẹ̀, a wo àmì náà, a sì wo àwọn tí ó jókòó yí wa ká: òṣìṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru bọ̀, ìyá kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, àgbàlagbà méjì tí ń sọ èdè Sípéènì. Kò sí ohun tí ó fi hàn pé ọrọ̀ ńlá ti ibẹ̀ jáde.

Ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò sì dùn. NV1, ṣíípù àkọ́kọ́ wọn, jáde ní ọdún 1995. Ojú ohun tí ó tẹ̀ kọdọrọ ni ó fi ń ya àwòrán, nígbà tí àwọn yòókù ń lo igun mẹ́ta. Nígbà tí Microsoft sì mú igun mẹ́ta fún Windows, NV1 di àlejò lójà. Ilé-iṣẹ́ Sega ti Japan ti háyà Nvidia láti ṣe ṣíípù fún ẹ̀rọ eré rẹ̀ ní ọ̀nà àtijọ́ yẹn. Huang lọ sọ òtítọ́ fún olórí wọn pé ọ̀nà náà kò já síbi kan, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ebi pa ilé-iṣẹ́ òun. Sega fi mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ràn wọ́n lọ́wọ́. Pẹ̀lú owó yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá òṣìṣẹ́ tí ó ju ìdajì lọ sílé, wọ́n ṣe RIVA 128, èyí tí ó jáde ní ọdún 1997 tí ó sì tà. Igun mẹ́ta ni èyí fi ń ya àwòrán bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nínú ìlú San José kan náà ni alágbára ìgbà náà wà. Orúkọ rẹ̀ ni 3dfx, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1994. Ṣíípù tí ó sọ ọ́ di olókìkí ní ọdún 1996, Voodoo ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀yin ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kò nílò alàyé lórí orúkọ yìí. Vodún ni, ọ̀rọ̀ Fọ̀n àti Ewe, ohun tí àwa ń pè ní òrìṣà. Ọ̀rọ̀ náà bá àwọn ẹrú kọjá òkun lọ sí Haiti àti Louisiana, ó di Voodoo lẹ́nu òyìnbó, ó sì parí sí ara páálí ọjà ní Kalifọ́níà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ohun abàmì tí yóò ya ènìyàn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ láti etí òkun wa ti dé àfonífojì yìí kí àwa fúnra wa tó débẹ̀. Kò sì sí èrè kankan tí ó padà wálé.

Bí 3dfx ṣe ṣubú jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ń ṣòwò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣíípù nìkan ni wọ́n ń tà. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ń rà á lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń tò ó sórí pátákó, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn ènìyàn. Ní òpin ọdún 1998, 3dfx kéde pé òun yóò ra STB Systems, ilé-iṣẹ́ kan ní Texas tí ń ṣe pátákó, kí òun lè máa ṣe gbogbo rẹ̀, kí òun sì máa jẹ gbogbo èrè náà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rí i pé ẹni tí ń tà fún àwọn ti di ẹni tí ń bá àwọn dù ú. Wọ́n kó owó wọn, wọ́n gba ọ̀dọ̀ Nvidia lọ. Àwọn àgbà wa ti sọ pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nvidia, ní tirẹ̀, pín àwọn onímọ̀ rẹ̀ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, kí ọjà tuntun lè máa jáde ní bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí ẹni tí ń lé e má baà rí àyè mí. Ní ọdún 1999 ó gbé GeForce 256 jáde. Nígbà tí ó fi di oṣù kejìlá ọdún 2000, 3dfx ti gbà láti ta dúkìá rẹ̀ fún Nvidia.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà ti ṣófo láti ìgbà náà. Ní Markham, nítòsí Toronto ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ ATI ti wà láti ọdún 1985. Ní ọdún 2002, ó gbé Radeon 9700 jáde, ó sì gba ipò iwájú lọ́wọ́ Nvidia. Èyí tí Nvidia fi dá a lóhùn ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ariwo fáànù rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Ní ọdún 2006, AMD ra ATI ní bílíọ̀nù 5.4 dọ́là. Gbèsè náà wọ AMD lọ́rùn. Ní ọdún 2009, ó ní láti ya àwọn ilé ìrọ ṣíípù rẹ̀ sọ́tọ̀, tí àwọn olówó Abu Dhabi sì fi owó sí wọn. Ohun tí ó jẹ́ kí ó gbé orí sókè ni pé ní ọdún 2013, PlayStation 4 àti Xbox One jọ gba ṣíípù láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èrè orí rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó dájú. Ní ọdún 2014 ni Lisa Su di olórí AMD. Taiwan ni a bí òun náà sí, bí ti Huang. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ọmọ erékùṣù kan náà ni ó ń darí àwọn ọ̀tá méjèèjì.

A ti San José kọjá sí Santa Clara gan-an. Níbẹ̀ ni ó ti yà wá lẹ́nu jù lọ, nítorí inú ìlú kan ṣoṣo yìí ni olú ilé-iṣẹ́ Nvidia, AMD àti Intel wà. Èyí tí ó jìnnà jù nínú wọn, ènìyàn lè fi kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ èkejì rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan lónìí, ó lè bá ọ̀gá mìíràn ṣiṣẹ́ lọ́la láìpààrọ̀ ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àfonífojì náà ṣe bẹ̀rẹ̀: ní ọdún 1957, ènìyàn mẹ́jọ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, William Shockley, wọ́n dá Fairchild sílẹ̀, láti inú Fairchild ni àwọn tí ó dá Intel sílẹ̀ ní ọdún 1968 ti jáde, láti ibẹ̀ náà sì ni àwọn tí ó dá AMD sílẹ̀ ní ọdún 1969 ti wá. Intel kò tíì rí ọ̀nà wọ ìdíje ṣíípù àwòrán ńlá dáadáa. Ó gbìyànjú ní ọdún 1998, ó tún gbìyànjú pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Larrabee, èyí tí kò dé ọjà rí, ó sì padà wá pẹ̀lú Arc ní ọdún 2022. Síbẹ̀, nítorí pé ó ń fi ẹ̀rọ àwòrán kékeré sínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wà nínú ẹ̀rọ ọ́fíìsì àìmọye láìpariwo.

Ilé méjì tí Nvidia kọ́ síbẹ̀, Endeavor àti Voyager, igun mẹ́ta ni àwòrán wọn. Igun mẹ́ta tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n ní ọdún 1995 ni wọ́n wá fi ṣe òrùlé. Ìta ni a ti wò wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde, pẹ̀lú káàdì lọ́rùn wọn. Kò sí èéfín, kò sí ariwo ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 2024, iye tí àwọn ènìyàn ka ilé-iṣẹ́ yìí sí lọ́jà ìpín-ìdókòwò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta bílíọ̀nù dọ́là lọ.

Kí ni ó gbé wọn débẹ̀? Kì í ṣe ṣíípù nìkan. Ní ọdún 2006, wọ́n kéde CUDA, irinṣẹ́ tí ń jẹ́ kí onímọ̀ lo ṣíípù àwòrán fún ìṣirò èyíkéyìí. Wọn kò gba owó lórí rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ọ, wọ́n kọ ìwé ètò lé e lórí, ọdún ń gorí ọdún. Ṣùgbọ́n orí ṣíípù Nvidia nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ní ọdún 2012, Alex Krizhevsky, Ilya Sutskever àti olùkọ́ wọn Geoffrey Hinton fi káàdì Nvidia méjì kọ́ ẹ̀rọ láti dá àwòrán mọ̀, wọ́n sì borí nínú ìdíje ImageNet. Yunifásítì Toronto ni wọ́n wà, nítòsí ilé ATI àtijọ́, ṣùgbọ́n káàdì Nvidia ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Ọdún 2016 ni AMD tó gbé ROCm tirẹ̀ dìde. Ẹni tí ó la ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ti mọ́ lára kò níí bẹ̀rù ẹni tí ó ní ẹṣin tí ó yára.

Níbi tí a dé yìí, a béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń rọ àwọn ṣíípù náà gan-an. Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni ó mú wa rékọjá òkun Pàsífíìkì lọ sí Taiwan. Láti Taipei, ọkọ̀ ojú irin gbé wa lọ sí Hsinchu, ìlú tí a mọ̀ fún atẹ́gùn rẹ̀. Atẹ́gùn yìí ni wọ́n fi ń gbẹ núdù ìrẹsì tí ìlú náà fi lókìkí. Ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1980 wà níbẹ̀, inú rẹ̀ sì ni TSMC wà, ilé-iṣẹ́ tí Morris Chang dá sílẹ̀ ní ọdún 1987. Ìlànà Chang rọrùn: aránṣọ ni òun, òun kò níí ta aṣọ tirẹ̀. Ohun tí oníbàárà bá yà ni òun yóò rọ, òun kò sì níí bá a dù ọjà. Ẹ fi èyí wé ohun tí 3dfx ṣe. Nítorí ìlànà yìí ni Nvidia fi ń gbé iṣẹ́ wá síbẹ̀, tí AMD ń gbé iṣẹ́ wá síbẹ̀, tí Intel tí ó ní ilé ìrọ tirẹ̀ pàápàá sì gbé iṣẹ́ Arc wá síbẹ̀. Àwọn tí ń bá ara wọn jà ní Santa Clara, ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń tò.

Aránṣọ náà kò sì dá dúró. Ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ fín ìlà tín-ín-rín jù lọ sára silikónì, ASML ní orílẹ̀-èdè Netherlands nìkan ni ó ń ṣe é ní gbogbo ayé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ṣíípù fi di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Amẹ́ríkà fòfin de títa àwọn ṣíípù alágbára kan fún Ṣáínà. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ohun ìṣeré ọmọdé ti di ohun tí orílẹ̀-èdè ńlá fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn.

Ohun mìíràn wà tí a rí ní àfonífojì náà tí kò yẹ kí á fi pamọ́. Ní ìlú Sunnyvale, wọ́n dá oko abricot kékeré kan sí fún ìrántí. Igi náà tò lẹ́sẹẹsẹ láàárín ilé àti títì, bí àgbàlagbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kọ́lé yí ká. Ní àdúgbò kan náà ni owó ilé ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rí ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sùn sí lẹ́bàá ọ̀nà, tí aṣọ wọn gbé kọ́ sí fèrèsé. Ọrọ̀ lè kún ìlú kan kó sì má kárí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Bí àwa náà bá fẹ́ kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ó yẹ kí á ti mọ igi tí a ó dá sí, kí a sì mọ ẹni tí a kò gbọdọ̀ lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kò ní láti ní ilé ìrọ ṣíípù kí ẹ tó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn mẹ́ta tí ó jókòó ní Denny's kò ní ilé ìrọ, títí di òní ẹlòmíràn ni ó ń bá wọn rọ ọ́. Ìmọ̀ ni wọ́n ní, pẹ̀lú ìgboyà láti sọ òtítọ́ nígbà tí ọ̀nà kò já. Ẹ kọ́ ìṣirò, ẹ kọ́ bí a ṣe ń pín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́, nítorí ọ̀wẹ̀ ni, ẹ sì ti mọ ọ̀wẹ̀ láti ilé. Ẹ kọ́ CUDA bí ó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ irinṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹnì kan pẹ̀lú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹni tí ó bá sì mọ ọ̀nà kan ṣoṣo ni onílé ẹnu ọ̀nà ń gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti èdè wa, ìkòkò ni ṣíípù, bí ó ti wù kí ó tóbi tó. Ìkòkò kò lè se ohun tí a kò dà sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò rí ìwé Yorùbá kà, kò níí gbọ́ Yorùbá, bí wọ́n tilẹ̀ rọ ọ́ ní Hsinchu tí wọ́n sì yà á ní Santa Clara. Ọ̀rọ̀ vodún ti dé San José láìsí ẹni tí ó bi wá léèrè. Èyí tí yóò tẹ̀lé e, àwa ni kí á fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn kò nílò dọ́là kankan kí á tó bẹ̀rẹ̀.